Ogójì Ìgbà Ló Kọ Orúkọ Rẹ̀

Ọ̀sán gangan ni Yàkúbù ṣe é, láàárín èèyàn mọ́kànlá, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ṣe.

Inú kafé kan ní Samaru ni, ní oṣù kìíní ọdún 2005, tí ọyẹ́ ń fẹ́ eruku wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún ibẹ̀, olúkúlùkù dojú kọ kọ̀ńpútà tirẹ̀. Yàkúbù jókòó sí igun, ó ṣí ìkànnì Bàlíkísù. Kíá ló ṣí. Ojú Bàlíkísù ló kọ́kọ́ yọ, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, aṣọ ńlá wà lórí itan rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé: Èmi Bàlíkísù, ọmọ Islamiyat, Tudun Wada, Zaria. Ọwọ́ mi ni mo fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ọrùn aṣọ tí ẹ ń wò yìí. Nọ́ńbà fóònù tẹ̀ lé e.

Yàkúbù yọ ìgò kékeré kan nínú àpò. Omi dúdú ló wà nínú rẹ̀. Ó da ẹ̀kán kan sí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún, ó wẹ̀yìn wò, ó sì fi àtàǹpàkò náà tẹ orúkọ yẹn lójú gíláàsì. Gíláàsì náà gbóná, bí ti kọ̀ńpútà tó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí orúkọ wà tutù bí ìsàlẹ̀ kànga.

"Àlùhájì," ẹni tó ni kafé pè é láti ẹnu ọ̀nà, "ẹ má fọwọ́ pa gíláàsì yẹn. Kì í ṣe dígí ìwojú."

"Eruku ni mo ń nù."

"Eruku Zaria lẹ fẹ́ nù tán? Sánnu dà àìkì o, ẹ kú iṣẹ́."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín, Yàkúbù náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún wo iwájú, àbàwọ́n dúdú náà kò sí mọ́. Kò gbẹ, kò ṣàn. Ó ti wọlé lọ. Lójú rẹ̀, ó dà bíi pé ojú Bàlíkísù nínú àwòrán kò là tó bó ṣe là nígbà tó kọ́kọ́ ṣí ìkànnì náà.

*

Kí ló sún ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Sabon Gari, tó ń kírun ní ìlà iwájú nínú mọ́sáláṣí, dé ibi tó ti ń wá ìṣubú obìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ rẹ̀? Ọjà ni.

Bàbá Yàkúbù ló kó òwò aṣọ ńlá wá sí Zaria láti Ìlọrin. Islamiyat, ìyá Bàlíkísù, ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọrùn àwọn aṣọ náà fún un. Ọgbọ̀n ọdún ló fi jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí àwọn oníbàárà ń fi ìka tọ iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé, "Iṣẹ́ Àlùhájì dára." Ó kú, ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ kò lọ jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó lọ bá Hosea, ọkùnrin ará Ìyàgbà kan tó ń gbé ní Muchia, tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì nínú ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, oṣù kan, ẹ̀kọ́ kan. Hosea kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó sọ fún un pé, "Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè fọwọ́ kan aṣọ yín. Orúkọ yín ni yóò fọwọ́ kàn, àti ojú yín. Ohunkóhun tí kò bá ran ẹni tó fẹ́ rajà lọ́wọ́, mi ò ní gbé e síbẹ̀." Ó kọ ọ́ síbẹ̀ bí èèyàn ṣe máa wọn ara rẹ̀, iye aṣọ, àti ọjọ́ tí aṣọ máa dé. Kí ọdún tó yí po, aṣọ ti ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Jẹ́dà láti Tudun Wada.

Yàkúbù náà sáré ṣe tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Túbọ̀sún ló bá a ṣe é. Ó ní kí òṣùpá máa yí lókè, kí lẹ́tà máa sáré kọjá, kí orin máa kọ, kí àwòrán ọkọ̀ rẹ̀ sì gba àárín. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kì í tó o láti ṣí. Ẹni tó bá fara dà á dé ìparí kò ní rí iye aṣọ kan ṣoṣo. Láàárín ọdún kan, ẹnì kan péré ló kọ̀wé sí i, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ta ọkọ̀ náà.

*

Ní Dakace, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé, ni Àfáà Abdulganiyu ń gbé. Ibẹ̀ ni Yàkúbù ti gba ìgò yẹn, ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kafé.

"Orúkọ rẹ̀?"

"Bàlíkísù."

"Ìyá rẹ̀?"

"Islamiyat."

"Ó dá ọ lójú? Irọ́ ni wọ́n sábà máa ń pa fún wa nípa ìyá."

Yàkúbù gbé ìwé tó tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ńpútà síwájú rẹ̀. Àfáà wò ó pẹ́. "Òun fúnra rẹ̀ ló kọ eléyìí síta?"

"Kí gbogbo ayé lè rí i, Àfáà."

Èjìká Àfáà mì bíi ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. "Nígbà kan rí, odidi ọdún la máa fi ń wá orúkọ ìyá. Ibòmíràn wà tí wọ́n kọ ọ́ sí?"

"Ibì kan ṣoṣo ni."

Àfáà fi tàdáwà kọ nǹkan sára wàláà, ó kọ ọ́ kún tojú tẹ̀yìn, ó sì fi omi fọ̀ ọ́ sínú ìgò.

"Kí ni yóò ṣe é, Àfáà?"

"Kí lo ní o fẹ́?"

"Kí ọjà rẹ̀ dúró."

"Ọwọ́ rẹ̀ ló ń tà á. Ọwọ́ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀."

"Ibo ni yóò parí sí?"

Àfáà dé ìgò náà. "Àtàǹpàkò nìkan ni kó o fi kàn án," ni ó wí, ó sì yíjú sí ògiri.

*

Ká ní Yàkúbù fi mọ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ tún fẹ́ kó àwọn àlejò ẹni náà sílé ara rẹ̀. Láti kafé, ó gba yàrá Túbọ̀sún lọ. Túbọ̀sún ń di ẹrù. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló máa gbéra lọ ṣe agùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Cross River.

"Àwọn tó ń wá obìnrin yẹn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì," Yàkúbù wí, "báwo ni wọ́n ṣe lè já sọ́dọ̀ mi?"

Túbọ̀sún họ orí. "Ọgbọ́n kan wà, ṣùgbọ́n kò mọ́ tó, Àlùhájì."

"Ìwọ sọ ọ́. Kì í ṣe ìwọ ló ń kírun fún mi."

"Ẹ̀rọ tó ń báni wá nǹkan, ọ̀rọ̀ ló ń kà. Tí mo bá fi lẹ́tà funfun kọ orúkọ rẹ̀ sórí ilẹ̀ funfun ní ìsàlẹ̀ tiyín, ojú èèyàn kò ní rí i. Ẹ̀rọ á rí i. Ẹni tó bá ń wá a, ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀rọ máa gbé e wá."

"Kọ ọ́ ní ogójì ìgbà. Fi orúkọ ìyá rẹ̀ sí i."

Túbọ̀sún kọ ọ́. Ó wá fi máòsì wọ́ ojú ibi tó ṣófo náà kọjá kí Yàkúbù lè rí i. Bí ó ṣe ń wọ́ ọ ni orúkọ ń dìde ní ìlà-ní-ìlà. Ó fi máòsì sílẹ̀, wọ́n tún sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Túbọ̀sún lọ. Òun nìkan ló mọ páásíwọ́ọ̀dù ìkànnì náà.

*

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ti kafé, Yàkúbù ra ọsàn, ó lọ kí Bàlíkísù ní Tudun Wada, nítorí gbogbo Sabon Gari ti gbọ́ pé ara rẹ̀ kò yá.

Bàlíkísù wà lórí ẹní, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú abọ́ omi tí ooru ń ru lójú rẹ̀. Hosea jókòó sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé.

"Omi yẹn kò ha jó ọ?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n lára, Bọ̀ọ̀dá. Àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ kú. Ó ti dé ọrùn ọwọ́ báyìí. Mo gún un lábẹ́rẹ́ ní àárọ̀, bí ìgbà tí mò ń gún aṣọ ló rí."

"Kí ni wọ́n wí ní ọsibítù?"

"Wọn ò rí nǹkan kan." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Oníbàárà mi kan pè láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní kí ló dé tí mo dijú nínú àwòrán. Mo ní mi ò dijú o. Ó ní, 'Àǹtí, mò ń wò yín lọ́wọ́ báyìí. Ẹ dijú.'"

"Mo yẹ àwòrán náà wò," Hosea wí. "Bí mo ṣe gbé e síbẹ̀ náà ló wà. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ṣe ìṣirò kan lẹ́ẹ̀mẹta tí kò gbà.

Bàbá Fàtíù, ẹ̀gbọ́n ìyá Bàlíkísù, ti wá láti Ìlọrin lánàá. Bàbá náà kò gbé oògùn kankan wá. Ó kàn béèrè ibi tí orúkọ rẹ̀ wà ní gbangba. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó ká ọwọ́ lé orí.

"Ó ní kí n yọ ọ́," Bàlíkísù wí. "Orúkọ mi àti ti ìyá mi, àti ojú mi. Ó ní ohun tí wọ́n rán níṣẹ́ kò lójú, orúkọ ló fi ń rìn."

"Ẹ ó wá fọwọ́ ara yín pa ọjà yín," Hosea wí. "Ta ni yóò rajà lọ́wọ́ ẹni tí kò lórúkọ?"

"Bọ̀ọ̀dá Hosea, ta ni yóò ran aṣọ náà bí ọwọ́ bá kú?"

Hosea wo abọ́ omi náà. "Tò. Ní Jímọ̀ọ̀, n óò yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé mo sọ ọ́."

Yàkúbù tẹrí ba kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀. Ohun tó tìtorí rẹ̀ lọ sí Dakace, obìnrin náà ti fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ parí rẹ̀.

"Ìmọ̀ràn àgbà ni, àbúrò mi," ni ó wí. "Yọ ọ́."

*

Ní Jímọ̀ọ̀ yẹn, Yàkúbù ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Màgáríbà nígbà tó ṣàkíyèsí pé òun kò mọ omi lára àtàǹpàkò. Ó fi eyín bù ú. Ó tún fi eyín bù ú. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Kò dùn ún.

Ó wà lẹ́nu ọ̀nà kafé kí wọ́n tó ṣí i ní àárọ̀ Sátidé. Ó wo ìkànnì Bàlíkísù. Aṣọ nìkan ló kù níbẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù. Ó ṣí tirẹ̀. Òṣùpá ń yí, orin ń kọ. Ó di máòsì mú, ó wọ́ ọ kọjá lórí ibi funfun ìsàlẹ̀, àwọn orúkọ dìde. Ó fi ètè kà wọ́n. Mẹ́tàlélógójì ni.

Ó fi sílẹ̀, ó tún wọ́ ọ. Mẹ́tàdínláàádọ́ta.

"Àlùhájì," ẹni tó ni kafé wí lẹ́yìn rẹ̀, "ẹ̀yin àti gíláàsì yìí tún ti bẹ̀rẹ̀?"

Yàkúbù ń wo àtàǹpàkò rẹ̀, tó ti funfun bí eérú.

*

Àfáà Abdulganiyu kò jẹ́ kó wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ti dá a lóhùn.

"Mo bi ọ́ pé ibòmíràn wà tí wọ́n kọ ọ́ sí? O ní ibì kan ṣoṣo."

"Nígbà yẹn, Àfáà, bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dé ibi tí mo rán an sí, kò bá orúkọ níbẹ̀ mọ́. Ó wá ibi tí orúkọ pọ̀ sí."

"Ẹ pè é padà."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo lè pè é? Fọ orúkọ náà kúrò lọ́dọ̀ rẹ, tàbí kó padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Ṣe é kó tó dé ọrùn."

"Bó bá dé ọrùn ńkọ́?"

Àfáà ń ti ilẹ̀kùn. "Àwọn tó dé ọrùn wọn kò padà wá sọ fún mi."

Ọjọ́ márùn-ún ni Yàkúbù fi ń pe Túbọ̀sún. Ọjọ́ márùn-ún ni obìnrin inú fóònù fi ń dá a lóhùn pé ẹni tó ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Òtútù náà kọjá ọrùn ọwọ́. Ó kọjá ìgbọ̀nwọ́. Yàkúbù bẹ̀rẹ̀ sí wọ jàlàbíyà alápá gígùn, ó sì ń fi gègé sí ọwọ́ òsì kọ̀wé nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, nígbà tó ti dé èjìká, ó ronú kan ọ̀nà kejì. Kí obìnrin náà gba orúkọ rẹ̀ padà. Ó lọ sí Tudun Wada, ó sì sọ òtítọ́ pọ́nńbélé fún un, ìyẹn ni pé ìkànnì tí kò lórúkọ kò lè tajà.

*

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó nínú yàrá Hosea ní Muchia, iná sì wà.

"Láti Jímọ̀ọ̀," Hosea wí, "èèyàn igba ó lé méjìlá ló wá wò ó. Ẹni kan kò rà."

"Kí ni mo sọ?" Yàkúbù wí. "Èèyàn á wọ ṣọ́ọ̀bù, kó má rí ẹni kankan níbẹ̀, kó wá gbé owó kalẹ̀?"

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu Àlùhájì. Wọ́n ń bá yín díje, síbẹ̀ wọ́n sọ òótọ́."

Bàlíkísù ṣí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó pa á dé. Ó ti yá. Láti àṣálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yọ orúkọ náà ló ti ń gbóná padà. "Bóyá ó ti kọjá lóòótọ́," ni ó wí. "Ẹ kọ ọ́ padà, Bọ̀ọ̀dá Hosea."

Hosea kọ ọ́. Orúkọ Bàlíkísù àti ti Islamiyat hàn níwájú wọn. Ó ku kí ó tẹ bọ́tìnì kan kí ó fi lọ. Yàkúbù ń wo ìka rẹ̀. Òtútù ti wà ní egungun àyà rẹ̀ lókè.

Bàlíkísù bu kúnú láti inú fíláàsì tó gbé wá. Ó kọ́kọ́ na ife náà sí Yàkúbù, nítorí òun ni àgbà.

Ọwọ́ òsì ni Yàkúbù fi gbà á.

Ọmọ Sabon Gari kì í tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ tí wọ́n ti ń gbá a lọ́wọ́ òsì tó bá fi gba oúnjẹ. Ọkùnrin tó ń kírun ní ìlà iwájú kì í gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ife ti dé ẹnu Yàkúbù kó tó rí i pé àwọn méjèèjì ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ dúró ná, Bọ̀ọ̀dá Hosea," Bàlíkísù wí.

Ìka Hosea dúró.

"Ọwọ́ òsì, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ọ̀tún ń ro mí. Ọyẹ́ yìí ni."

"Láti ìgbà wo?"

Yàkúbù kò tíì ro irọ́ ìyẹn. "Láti... láti Jímọ̀ọ̀."

Bàlíkísù dìde, ó ká apá jàlàbíyà náà sókè, ó di ọwọ́ funfun náà mú bí ẹni tó di ohun tó mọ̀ mú. Ó gbé e kalẹ̀ sórí itan rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ibo lẹ kọ orúkọ mi sí?"

Hosea wo ọwọ́ náà, ó wo ojú Yàkúbù. "Àlùhájì, bó bá jẹ́ orí ìkànnì yín ló wà, a lè kọ̀wé sí àwọn tó gba ìkànnì náà sórí ẹ̀rọ wọn. Wákàtí kan ò ní pé kí wọ́n tó tì í. Ẹ sáà sọ ọ́, kí n kọ ọ́ lórúkọ yín."

Gbólóhùn kan péré ni. Yàkúbù ro ìlà iwájú nínú mọ́sáláṣí. Ó ro bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe rìn láti ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì.

"Orúkọ wo?" ni ó wí.

Hosea yíjú sí kọ̀ńpútà, ó ní kí ẹ̀rọ tó ń wá nǹkan bá òun wá Bàlíkísù ọmọ Islamiyat. Ìkànnì Yàkúbù ló jáde lókè pátápátá. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Yóò pẹ́," Hosea wí. "Ẹrù tí kò wúlò ló pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ ṣì ní àyè láti sọ̀rọ̀."

Ìlàjì òṣùpá yọ. Òkè ọkọ̀ yọ, lẹ́yìn náà gíláàsì rẹ̀. Yàkúbù sọ fún ara rẹ̀ pé bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà bá yọ, òun yóò sọ ọ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yọ. Orin bẹ̀rẹ̀. Ó tún sọ fún ara rẹ̀ pé kí orin náà yí ẹ̀ẹ̀kan ná.

Hosea di máòsì mú, ó wọ́ ọ kọjá lórí ibi funfun. Àwọn orúkọ dìde, wọ́n kún ìsàlẹ̀, wọ́n kọjá ìsàlẹ̀. Ó ń fà wọ́n wálẹ̀, wọn ò tán. Ó kà á dé ọ̀ọ́dúnrún, ó dáwọ́ dúró.

Yàkúbù la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà pé nínú rẹ̀: èmi ni, ẹ ṣàánú mi. Ó dé ọ̀fun, ó bá òtútù níbẹ̀. Ètè rẹ̀ mì. Ohùn kò jáde.

Hosea, tí kò gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbà gbọ́ rí, rí ojú rẹ̀, ó sì yára ṣí ìkànnì Bàlíkísù padà síbi tí bọ́tìnì wà. "Kí n tẹ̀ ẹ́?" ni ó bi Bàlíkísù. "Kí n fi orúkọ yín padà?"

Bàlíkísù wo ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ pa á."

Hosea pa kọ̀ńpútà náà. Orin dákẹ́. Yàkúbù jókòó síbẹ̀ láìmira, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ife kúnú sì ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Bàlíkísù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó má baà ṣòfò.